Àwọn Gúlóòbù Inú Agolo Bàbá Mi

Ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira, nígbà tí kòkó lówó lórí, bàbá mi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò mọ ọkọ̀ wà, ó sì gba awakọ̀ kan láti Ire, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti wa lọ́rì rí.

Gúlóòbù kéékèèké mẹ́ta ló ń tànmọ́lẹ̀ sójú àwọn aago tó wà níwájú awakọ̀: ọ̀kan fún eré, ọ̀kan fún epo, ọ̀kan fún bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Nígbà tí ọ̀kan jó, Ìbàdàn ni wọ́n ti rí òmíràn. Bí tuntun ṣe dé, bàbá mi ní kí awakọ̀ tú méjì tó kù. Ó fi òwú wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó wọn sínú agolo bisikíìtì, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Gúlóòbù tí a kò bá tàn kì í jó," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà náà. Mo wálé sí Ìlá fún ọdún Kérésì, èmi àti bàbá mi sì lọ bá ọmọ ìjọ wa kan ṣọ̀fọ̀ ní Ìgbájọ. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó fẹ́ padà.

Awakọ̀ ní, "Bàbá, omi ń jò díẹ̀, òkè sì pọ̀ lọ́nà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, n kò ní rí aago omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sùn níbí."

"Ṣé aago ló ń wa ọkọ̀ ni, àbí ìwọ? Ó yá, wọlé."

Lẹ́ẹ̀mejì ló fẹ́ dúró wo omi lọ́nà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni bàbá mi ní kó máa lọ. Lórí òkè kẹta, èéfín bo iwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú.

"Ṣí i, kí o bu omi sí i!"

"Ẹ jẹ́ kó tutù ná, sà."

"Ṣé inú igbó lo fẹ́ kí n sùn ni?"

Awakọ̀ fi àkísà wé ọwọ́, ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu omi sí. Omi gbígbóná ta sí i lójú. Ó ṣubú, ó ń yí nínú iyanrìn, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ wo ẹ́ńjìnnì.

Ojú awakọ̀ méjèèjì lọ sí i.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyàwó rẹ̀ mú un wá sílé wa pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì, láti bẹ bàbá mi kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá mi ní àìgbọ́n ló ṣe é, kò sì kìlọ̀ ohunkóhun fún òun.

"Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ìwọ, ǹjẹ́ ó sọ ohun kan fún mi nípa omi tàbí aago?"

Gbogbo wọn wò mí. Awakọ̀, tó fi aṣọ di ojú, kọjú sí ibi tí mo wà. Bàbá mi ló ń san owó ilé ìwé mi.

"Mi ò gbọ́ kó sọ nǹkan kan, sà."

Àwọn àgbà dìde. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́ jáde. Nígbà tí awakọ̀ forí gbá àtẹ́rígbà, bàbá mi ní kó rọra, kó má ba ilé òun jẹ́.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó lè lọ sí Ire. Mo ti di tíṣà. Mo bá awakọ̀ náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń bó obì, ìka rẹ̀ ń tọ èèpo yíká.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Mo mọ ohùn yẹn."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ló máa ń pè mí nítorí bàbá mi, bí mo tilẹ̀ kéré sí i.

Ó ní, "Kí ni o ń kúnlẹ̀ fún mi sí? Èmi mọ ohun tí mo sọ. Àwọn tí o purọ́ fún ni kí o lọ bá. Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ó dáa. Ìlá kò jìnnà."

Ó padà sídìí obì rẹ̀. Mo bá lọ́rì ọ̀sán padà sí Ìlá. Mo kọjá níwájú ilé àgbà ìjọ kan nínú àwọn méjèèjì. Ó jókòó síta, ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà bàbá mi. Mo ní ara rẹ̀ le. Mo kọjá lọ.