Bàbá Mi Ń Múra Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Sílẹ̀

Bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nídìí àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tí ariwo wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wí. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ariwo yẹn kò kúrò lọ́fun bàbá mi. Tí wọ́n bá bi màmá mi pé níbo ni iyọ̀ wà, gbogbo àdúgbò wa ní Agége ló máa mọ̀ pé ọbẹ̀ wa kò níyọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ kẹ́yìn láyé sílẹ̀, kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

Níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ, wọ́n sì jọ ń bára wọn díje lórí ohun gbogbo: ta ló kọ́kọ́ dé ìsìn, ta ni sùtánà rẹ̀ funfun jù, àdúrà ta ló gùn jù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àkọ́bí olóògbé dìde, ó ní ọ̀rọ̀ tí bàbá òun sọ kẹ́yìn ni, "Ẹ ṣí fèrèsé, mo ti rí ìmọ́lẹ̀." Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Mo wo bàbá mi. Ojú wọn kò jọ ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó jọ ti aṣọ́lé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí ẹ̀ wọlé.

À ń padà sílé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ojú irin. Bàbá mi ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Ó ti rò ó sílẹ̀ ni."

Màmá mi ní, "Ẹ̀yin náà ẹ máa ro tiyín. Àyè ṣì wà."

Àwàdà ni màmá mi ń ṣe, ṣùgbọ́n bàbá mi gbà á bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ọjọ́ Sunday ni àwa ọmọ máa ń lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn. Èmi á wá láti Abúlé Ẹ̀gbá tí mo ti ń ránṣọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á wá láti Ọgbà. Bí a bá ti jẹun tán, bàbá mi á jókòó dáadáa, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á sì dán ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wò lórí wa. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá ni, "Ẹ máa tọ ipasẹ̀ mi."

"Ipasẹ̀ wo?" ni màmá mi bi wọ́n. "Èyí tí ẹ fi ń kó iyanrìn wọ pálọ̀ mi?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú òmíràn wá tí ìmọ̀ràn pọ̀ nínú ẹ̀, ti ọkọ, ti aya, ti ọmọ, ti aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tòògbé kí wọ́n tó dé ti aládùúgbò. Màmá mi ní, "Ẹni tó ń kú lọ, níbo ló ti máa rí èémí tó máa sọ gbogbo èyí? Ẹ gé e kúrú." Bàbá mi ní obìnrin yìí kò mọyì nǹkan àtàtà. Síbẹ̀, wọ́n gé e kúrú.

Lọ́jọ́ kan, mo bá màmá mi fọ abọ́ ní kíṣìnì, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi Dádì sílẹ̀, pé ikú ọ̀rẹ́ wọn ló dùn wọ́n. Màmá mi ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó olóògbé ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Ooru ló mú ọkọ ẹ̀. Ohun tó sọ gan-an ni, 'Ẹ ṣí fèrèsé, wọ́n ti tún mú iná lọ.' Ọmọ yẹn ló tún un ṣe."

"Mọ́mì, ẹ kúkú sọ fún Dádì."

"Má dán an wò. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti di iṣẹ́ wọn, wọn ò ráyè tú rédíò mi palẹ̀ mọ́."

Àṣé bàbá mi ti ní ìpá tipẹ́, wọ́n kàn ń fi agbádá bò ó mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tó wá ń ro wọ́n gan-an, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi padà sílé. Bàbá mi kò gbọ́ "kékeré." "Abẹ" ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí gbogbo wa pé.

A pé. Wọ́n tẹ́ bàbá mi sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ń tì wọ́n lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi gbọ́wọ́ sókè, ẹni tó ń ti bẹ́ẹ̀dì dúró. A mọ̀ pé ó ti dé nìyẹn. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n la ẹnu.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ eyín yín."

Eyín òkè wọn kì í ṣe ti Ọlọ́run. Dókítà eyín ló ṣe é fún wọn. Nínú gbogbo ìmúra wọn, wọn kò rántí eyín. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kó o lé màmá mi lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ wọ́n, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Wọ́n tì wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn sì padé.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ẹ wá aṣọ yín.'"

"Irọ́ ni. 'Ẹ pín ẹran yín' ni wọ́n sọ."

A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bẹ́ǹṣì. Mo yíjú sí màmá mi pé kí wọ́n bá wa dá a. Wọ́n ti fi áńkáṣíìfù wé eyín náà, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Màmá mi tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ nìyí o.

"Mọ́mì, kí lẹ̀yin gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú wọn ni mò ń wò."

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Nígbà tí bàbá mi jí dáadáa, wọ́n na ọwọ́ gba eyín wọn, wọ́n fi sẹ́nu. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Kí lẹ gbọ́?"

A sọ fún wọn. Wọ́n dojú kọ àjà.

"Ẹran? Mo ní, 'Ẹ fìfẹ́ so ara yín.' Ẹ wá gbọ́ ẹran."

Ó dùn wọ́n débi pé màmá mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Wọ́n sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ iná àti fèrèsé fún wọn. Bàbá mi wò wọ́n. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń dùn wọ́n, nọ́ọ̀sì sì wá bá wa wí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi bi màmá mi pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ẹ kẹ́yìn?"

"Ẹ má wàásù fún mi. Tí ẹ bá ń wàásù, ìgbà wo lèmi máa fèsì? Ẹ ṣáà bi mí ní nǹkan, kí n dá yín lóhùn."

"Kí ni kí n bi ẹ́?"

"Èyíkéyìí."

Bàbá mi rò ó. "Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá. Látàárọ̀."

Ni wọ́n bá ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ wá oúnjẹ, pé kí la dúró ń wò. A ra búrẹ́dì àti àkàrà wá. Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi tí dókítà kò tíì gbà láyè láti jẹ nǹkan kan ń wò wọ́n, wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mu omi sí i.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó wá kí aláìsàn máa lọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jáde. Lójú ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo ti ro ohun tí èmi máa sọ kẹ́yìn. Mo ní mi ò tíì rò ó. Ó ní òun ti ní tòun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́.

Ara bàbá mi ti yá, wọ́n sì ti pa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tì. Sunday tó kọjá, mo dé ilé, mo bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ omi. Wọn ò tilẹ̀ rí mi. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó, mo ń dúró kí wọ́n parí ẹ̀.