Ọmọ Tó Ń Kúnlẹ̀ Kiri Adó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgbẹ́mọ, etí fífà ni wọ́n fi ń kọ́ àwa ẹgbẹ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí o bá kọjá lára àgbà láì kúnlẹ̀ kí i, ẹjọ́ rẹ yóò ti ṣáájú rẹ délé. Èmi kò fẹ́ kí wọ́n fa tèmi, nítorí náà kò sẹ́ni tí n kì í kí.

Ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ mú mi lọ ta ìrẹsì ní Adó, inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Ìlú ńlá ni Adó lójú wa nígbà náà. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Màámi ní, "Bí o bá sọnù, má bá ẹni tó bá pè ọ́ lọ o. Ìwọ ni kí o wá ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, kí o lọ bá a. Ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbé ọmọ sá lọ."

Ó gbé ìrẹsì rù, ó ṣáájú, mo gbé agbọ̀n kékeré tèmi tẹ̀ lé e. Àmọ́ àgbà Adó mà pọ̀ ju ti Ìgbẹ́mọ lọ! Mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan, mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí ìyá aránṣọ kan tó wà ní ìloro ilé rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀ fún àwọn mẹ́ta tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màá fi dìde, n kò rí Màámi mọ́. Mo bú sẹ́kún.

Ọkùnrin kan tó wọ bùbá funfun di ọwọ́ mi mú. Ó ní Màámi ló ní kí òun wá mú mi. Mo bi í pé, "Kí lorúkọ wọn, sà?"

Ó ranjú mọ́ mi. "Èmi lò ń bi léèrè? Ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe dẹ́rù bà mí lọ, èmi tí orúnkún mi ti kún fún iyanrìn. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo sá padà tọ ìyá aránṣọ lọ.

"Ọmọ yèsí ni ọ́? Ulé rẹ dà?" Ó fẹ́ mọ ọmọ ta ni mí, ó wò mí dáadáa. "À á, ìwọ lo kí mi lẹ́ẹ̀kan!"

Kò mú mi lọ síbì kankan. Ó ní kí n jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá yóò ti rí mi, ó fún mi ní omi àti àkàrà gbígbóná. Mo jẹ ẹ́ tòun ti omijé.

Kò pẹ́ tí Màámi fi dé, òógùn bò ó, ìrẹsì ṣì wà lórí. Gbogbo ẹni tó bi lójú ọ̀nà ló ń dáhùn pé, "Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kiri yẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń nawọ́ júwe mi títí ó fi bá mi. Ó fa etí mi, ó gbá mi mọ́ra, ó sì bu ìrẹsì kún abọ́ fún ìyá náà.

Lónìí, fóònù ló ń júwe ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa. Ó dára bẹ́ẹ̀, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Ìbàdàn fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kó ṣáà máa kí èèyàn, torí ẹni tí o kò kí kò ní mọ̀ pé o kọjá.

Ìyá aránṣọ ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti kọ́ ilé mìíràn síbi ìloro rẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo ṣì máa ń tẹ orúnkún díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á rò pé bàtà mi ni mò ń tún ṣe. Ẹ ṣeun, mà.