Kòtò Tí Wọ́n Gbẹ́ fún Àbẹ̀kẹ́ Létí Ọ̀sà

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọlọ́sà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Ọmọ a-jí-wo-omi kó tó wojú ọ̀run. Ọmọ ẹlẹ́ja tútù tó ń bu orí ẹja fún àlejò, tó ń fi ìrù ṣe ti ọmọ ilé. Arẹwà tó gbé agbọ̀n kọjá lójú ọ̀tá, tí ọ̀tá kò rí èébú kankan fún un. Àbẹ̀kẹ́ tèmi, a bẹ ayé pé kí wọ́n bá wa kẹ́ ọ, ayé ò gbọ́.

Òun nìkan ni mo máa pè nínú ohun tí mò ń kọ yìí, oríkì rẹ̀ náà sì ni mo fi pè é. Àwọn yòókù, mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo mọ èyí tí ìyá wọn ń fi pè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. N kò ní kọ ọ́. Yíǹkì inú bírò mi kò tó èyí tí mo máa fi ṣòfò lórí wọn.

Àbúrò mi ni Àbẹ̀kẹ́, ìyá kan, bàbá kan. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí wa sí. Òun lọ sílé ọkọ ní Agbowa, èmi lọ sí Ìkòròdú. Ọkọ rẹ̀ ti kú, tèmi náà ti kú. Ó máa ń ra ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, á kó o wá fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìkòròdú, tó bá tà tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń jókòó sí kó tó padà sí Agbowa. A ó jẹun, a ó bú àwọn ọmọ wa, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wa. Arúgbó méjì tí eyín ti ń ká lẹ́nu wọn, kí ló tún kù tí wọn á máa ṣe?

Lọ́jọ́ kan, ó ra ẹja, kò dé. Ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè dè é tutù, ó dì. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Àlàájì kan tó jẹ́ olórí agbo ilé wọn ní Agbowa. Ó ní ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo ní kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó ní á jẹ́ pé ó sùn sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, ó pa fóònù mọ́ mi létí. O ò ní mọ̀ pé èèyàn ló sọnù, àfi bí ẹni pé adìyẹ kò wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sí ní Ẹ̀pẹ́, mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu káńtà, ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀, bi mí bóyá àbúrò mi ní ọkùnrin kan níta. Mo ní tó bá ní, inú mi ì bá dùn, torí ọkùnrin náà ì bá ti máa wá a ju ẹ̀yin lọ. Inú bí i. Ó ní kí n lọ jókòó sílé, pé ọkọ̀ wọn kò ní epo.

Ilé tí mo padà sí kò dára ju àgọ́ lọ. Àwọn ayálégbé mi, ará Ọ̀yọ́, ará Ọ̀ṣun, gbogbo wọn wá kí mi kú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹ pẹ̀lẹ́ kan, wọ́n jókòó, wọn ò dìde mọ́. Ọ̀kan ní gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ìkejì ní àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó ni, pé arúgbó gan-an ni wọ́n ń wá báyìí. Ìyàwó ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ní òun rí ọkọ̀ dúdú kan lójú títì. Mo bi í pé ọjọ́ wo. Ó ní ọjọ́ kan ṣáá ni. Wọ́n ń já a mọ́ ara wọn lẹ́nu bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń mu omi mi lé e. Wọ́n ti pa àbúrò mi lóríṣiríṣi ọ̀nà nínú pálọ̀ mi kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkùnrin kan tún wà ládùúgbò wa tó ń fi ìtàn òkú jẹun. Ojú fóònù ló ti ń sọ ọ́: ẹni tí wọ́n pa, ẹni tó sọnù, ẹni tó kú tí wọn ò mọ ohun tó pa á. Àwọn tó ń wò ó pọ̀ ju èrò ìrun Jímọ̀ lọ. Ó gbé igi fóònù rẹ̀ dé, ó ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo rò pé á ràn wá lọ́wọ́, mo sọ ọ́.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ tún un sọ. Ẹ jẹ́ kí ohùn yín gbọ̀n díẹ̀.”

Mo bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ kó bá a gbọ̀n ohùn.

Nígbà tí fídíò náà jáde, ọmọ mi fi hàn mí. Àwòrán tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti Àbẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ kan ni, ó kun ètè, ó di irun dé ìdí. Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ojú kò tilẹ̀ tì í. Ó ní àwọn èèyàn kì í dúró wo àwòrán arúgbó. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń wá obìnrin tí kò sọnù.

Apẹja kan ló rí àbúrò mi, ní ìsàlẹ̀ Agbowa, níbi tí ojúoró ti bo ojú ọ̀sà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó ti ta ẹja fún un rí. Ó kọ́kọ́ lọ sọ ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, ó rò pé wọn á pè mí. Nígbà tó rí ohun tí wọ́n ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà mi, ó pè mí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Ìyá, a ti rí wọn. Ẹ tètè máa bọ̀, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀.”

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tí omi bá gbé, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn kì í gbé e wọ̀lú. Wọ́n á ṣe ètùtù, wọ́n á kẹ̀yìn sí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi omi pé kí ló dé. Àṣà àwọn baba wa ni, n kò bú u. Ẹni tó fẹ́ fi í bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni mò ń bú. Àlàájì tí mò ń wí yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ odò ní ìlú wọn, ṣe ló ń ti fèrèsé. Ó ní kèfèrí ni wọ́n. Àfi lọ́jọ́ yẹn gan-an tí àṣà wá dùn lẹ́nu rẹ̀ bí àádùn.

Mo gun ọ̀kadà láti oríta dé etí omi. Wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó. Mo ṣí i. Òun ni. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbọ̀n ẹja rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó tò jẹ́jẹ́, bí ẹni fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Àbẹ̀kẹ́ tí ìyá wa nà títí torí ó ń da bàtà sí ẹnu ọ̀nà!

Àlàájì ní ó lọ ṣan ẹsẹ̀ ni, omi gbé e. Mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ aṣọ ró, omi tí kò kọjá orúnkún ló wá gbé e? Ó ní kí n fọwọ́ wọ́nú.

“Màmá, a kì í bi omi léèrè.”

“N kò bi omi, Àlàájì. Ẹ̀yin ni mò ń bi.”

“Kí lẹ ń bi mí?”

“Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ kí n tó dé?”

Ó yíjú sí ọ̀sà. Àwọn tó mú ṣọ́bìrì náà yíjú sí i. Mo mọ̀ nígbà náà pé tí wọ́n bá da iyẹ̀pẹ̀ yẹn bò ó, ẹni omi ló máa jẹ́ títí láé, ẹnikẹ́ni kò tún ní béèrè ohun tó pa á. Ni mo bá jókòó sí etí kòtò, mo sọ ẹsẹ̀ mi méjèèjì sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ní mo mọ̀, ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ tẹ́ àbúrò mi sí. Àlàájì ní mò ń dójú ti ẹbí. Mo ní ẹbí tí ojú ń tì kì í ní ṣọ́bìrì nítòsí tó báyẹn. Apẹja yẹn rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

Ìgbà tí mo ṣì jókòó bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin onífóònù dé. Ó ti tẹ̀ lé mi láti Ìkòròdú. Ó na igi rẹ̀ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń wò ó lójú fóònù sọ̀rọ̀. Kó tó pẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pàá tí kò ní epo ti rí epo. Wọn ò wá nítorí Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n wá nítorí pé ojú ń wò wọ́n. Ẹni bá fẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà yóò dúró pẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé òkú àbúrò mi kọjá, ó ń sọ fún mi pé kí n yíjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Wọ́n gbé e lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àlàájì wá rán èèyàn kiri pé mò ń ṣàìgbọràn sí Ọlọ́run, pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí falẹ̀. Èyí dùn mí, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Mo lọ bá Ìmáàmù àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́, mo rò ó fún un. Ó ní kí n dúró gbọ́ ti dókítà. Ó ní òkú tí kì í fẹ́ ìdádúró, òun kan náà ni kì í fẹ́ irọ́. Ó ní ká tilẹ̀ ní omi ló pa á, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó kírun sí i lára, a ó sì sin ín sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Dókítà ní kò sí omi nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ti kú kó tó wọ omi. Ohun tó wá pa á, ó ní òun kò lè sọ, ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀sà. Ọlọ́pàá mú Àlàájì, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní òun sáré gbẹ́lẹ̀ kí n má bàa rí àbúrò mi bó ṣe wà ni. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá irọ́ ni. N kò mọ̀ ọ́n, ó sì dà bíi pé màá kú láì mọ̀ ọ́n. Àwọn ayálégbé mi ti rí òmíràn sọ. Ọkùnrin onífóònù ti kọjá sọ́dọ̀ tíṣà kan tó sọnù ní ìlú mìíràn, ẹ ṣáà gbàdúrà kí tíṣà náà lẹ́wà.

Èmi ní tèmi, ohun kan ni mò ń jà fún létí kòtò yẹn, mo sì rí i gbà. Kò sí ẹni tó tún lè pè é ní ẹni omi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a sin Àbẹ̀kẹ́. Ilé bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́ la ti wẹ̀ ẹ́, èmi àti obìnrin méjì láti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ọkùnrin gbé e lọ, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa.