Bí Mo Ṣe Kọ̀ Láti Ka Ọmọ Aràn

Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá wù yín; mo ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú yín. Bámiṣayọ̀ ni orúkọ mi, ará Ìjerò Èkìtì tó ń gbé ní Karu, aràn títọ́jú ni mo sì fi ń jẹun. Kì í ṣe pé mò ń fún ọmọdé ní oògùn aràn o. Mò ń sìn ín ni, aràn inú ilẹ̀ tó kéré débi pé awò la fi ń rí i, ní ilé ìwádìí kan lọ́nà Bwari.

Ọ̀gá mi, Dókítà Jemimah, ń wádìí purotéènì kan tó máa ń di kálísíọ́ọ̀mù mú nínú ara aràn. Ó fura pé àwọn tí kò ní in kì í bímọ púpọ̀. Bí a bá sì fi irun tọ́ wọn lórí, ńṣe ni wọ́n ń lọ́ra bí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀. Ìfọ abọ́ ni iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́dún yìí wọ́n ní kí n ka iye ọmọ tí irú aràn méjèèjì bí. Bí mo bá ṣe é dáadáa, wọn á gbà mí fún ọdún kan sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ilé.

Mo kà á. Àbájáde mi ní àwọn tí kò ní purotéènì yìí ló ń bímọ jù.

Dókítà pè mí, ó bi mí bí mo ṣe kà á. Mo ní ẹyin ni mo ń kà láràárọ̀. Ó ní àwọn tó ti pa, tí wọ́n ti ń rìn kiri nínú abọ́ ńkọ́? Mo jẹ́wọ́ fún un. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà kì í gbà ká ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà “wọ́n pọ̀, a dúpẹ́” ni mo kọ síwájú wọn nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ẹyin aràn tó lera, ìyẹn àwọn tó ní purotéènì náà, ti máa ń pa kílẹ̀ tó mọ́. Ti àwọn aláìlera ló ń ṣẹ́kù fún mi. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ẹ wo ibi tó já sí. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí gidi.

Dókítà gbé abọ́ kan síwájú mi.

“Bámiṣayọ̀, èmi ni mo ni àwọn ọmọ yìí. Mo fún ẹ ní permission. Oya, jókòó, kà wọ́n.”

A tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aràn tó lera bí igba ó lé méjìdínlọ́gọ́rin. Èyí tí kò ní purotéènì kò bí ju mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ. Bí mo ti ń kà ni mò ń sọ lábẹ́nu pé kí Olúwa dá wọn sí. Dókítà buwọ́ lu ìwé tó fún mi ní ọdún kan sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kó gbogbo abọ́ àti aràn inú wọn sínú ìkòkò ńlá, mo dé e, mo sì se wọ́n pa, bí mo ti ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún méjì. Ìyá àgbà kò sọ fún mi rí pé ìyẹn náà léèwọ̀.