Aago Tí Eré Parí

Ní gbogbo ìlú Akron lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó ṣòro láti rí ẹni tó fẹ́ràn eré ìdárayá tó Merle Stropko, kò sì sí ẹni tí kò mọ bí eré ṣe ń parí tó Merle yìí kan náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ táyà. Ọjọ́ ìsinmi tí kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ ni kò yá. Àmọ́ bí eré bá ti ku díẹ̀ kó parí báyìí, Merle á dìde, á gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò, ó di ilé. Ó ní òun ò lè jókòó kí ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ wá há òun mọ́ ojú ọ̀nà. Ẹ̀yìn ló fi máa ń wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí imú ọkọ̀ rẹ̀ lè kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ìdajì ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni wọ́n kà á sí.

Lorraine ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Lọ́jọ́ ìsìnkú ara rẹ̀ gan-an, Merle á ti lọ kí pásítọ̀ tó ṣe àmín." Lorraine ló wá kọ́kọ́ lọ. Pásítọ̀ ṣe àmín, Merle ò kúrò, ó dúró títí wọ́n fi kó ṣọ́bìrì sínú ọkọ̀.

Bíi ti ọ̀pọ̀ àgbà tó ń wo bésíbọ́ọ̀lù, Merle ní ìwé tó máa ń fi pẹ́ńsù kọ eré sí bí ó ṣe ń lọ: ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó fi igi gbá a, ẹni tó gbá òfo. Ogójì irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, àlàfo kékeré kan wà, ibi tí èèyàn máa kọ aago tí eré parí sí. Nínú gbogbo ogójì ìwé náà, Merle ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, torí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, Corinne, kò wo igi bésíbọ́ọ̀lù lójú. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló yàn, nínú ìyẹn náà, ó lóun ò sáré kiri, ẹnu ilé lòun fẹ́ dúró sí. Ó di aṣọ́lé fún Àwòdì, ẹgbẹ́ obìnrin tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nílùú wọn. Ọdún mẹ́fà ni Lorraine fi jókòó sí ìjókòó kan náà, lẹ́yìn ilé tí ọmọ rẹ̀ ń ṣọ́. Nígbà tó kú, Merle jogún ìjókòó náà bí èèyàn ṣe ń jogún ajá: kò bẹ̀bẹ̀ fún un, kò sì lè lé e dànù.

Ẹni tó ń jókòó tì í ni Eusebio Menjívar, ọmọ El Salvador, tó ń kan òrùlé jẹun. "Don" ló máa ń fi ṣáájú orúkọ Merle, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílùú rẹ̀. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò ní gbogbo ìgbà.

"Wákàtí kan àtààbọ̀," Merle á ní, "èèyàn méjìlélógún ń sáré, góòlù kan péré. Nígbà míì gan-an, kò sí. Adìẹ ìyá mi ń yára yé ẹyin jù wọ́n lọ."

"Don Merle, ẹ̀yin oníbésíbọ́ọ̀lù lẹ̀ ń sọ̀rọ̀? Wákàtí mẹ́ta, ẹnì kan ń tutọ́, ẹnì kejì ń fa ṣòkòtò sókè."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Mo mọ ohun tí mò ń wò níbẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ yẹn o."

Ohun tí Merle ń sọ náà ni gbogbo àwọn oníbésíbọ́ọ̀lù ìlú ń sọ nílé onígbàjámọ̀: pé eré tí wọ́n bá ti ta ọ̀mì, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ góòlù, kò lè wọ ọmọ Amẹ́ríkà lára, ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn wò ó kó jẹ́ kí góòlù máa rọ̀ bí òjò. Merle tiẹ̀ mú àbá wá nídìí oúnjẹ Kérésì pé kí wọ́n fẹ ẹnu ilé náà sí i. Corinne gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Dádì, ta lẹ rò pé ó ń dúró níbẹ̀?"

Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó ku ìṣẹ́jú méje kí eré parí, òdo sí òdo, Merle dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà dànù. Iná ojú pópó dá a dúró, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé àwọn àlejò rí pẹ́nátì, Corinne sì fò, ó mú un. Merle wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Òun nìkan ló wà nídìí iná náà.

Corinne pè é lọ́jọ́ kejì.

"Mo gbọ́ pẹ́nátì yẹn lórí rédíò," Merle sọ. "O ṣe bẹbẹ."

"Lórí rédíò," Corinne tún un wí. "Mo wòkè nígbà tí mo mú un, Dádì. Màmá ò fi ìjókòó yẹn sílẹ̀ rí kí wọ́n tó fun fèrè. Ẹ gbọ́, orúnkún mi ti bàjẹ́, dókítà ní kí n dáwọ́ dúró lọ́dún yìí. Eré kan ló kù tí mo máa gbá ní pápá tiwa. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa lọ kó tó parí, ẹ má wulẹ̀ wá. Ó sàn kí n rí ìjókòó yẹn lófìfo látìbẹ̀rẹ̀."

Merle fẹ́ dárúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ó wá rántí iná ojú pópó tó jẹ́ pé òun nìkan ló dúró nídìí rẹ̀. Ojú tì í ju bó ṣe lè sọ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ó tètè dé pápá. Ìpẹ̀kun ibi ìgbọ́kọ̀sí ló lọ, ó fi imú ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ògiri, ó dúró títí àwọn ọkọ̀ mìíràn fi tò sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun ò lè jáde mọ́, ó mú ìwé, pẹ́ńsù àti ẹ̀pà rẹ̀, ó wọlé.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, ló bá lo èyí tó mọ̀. Ìpele mẹ́sàn-án ni ti bésíbọ́ọ̀lù, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú sì ni tibí. Ó fa ìlà pín ojú ìwé sí àpótí mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún àpótí kan. Bí mẹ́wàá bá ti pé, á kọ iye góòlù tí àwọn àlejò jẹ síbẹ̀. Òdo. Òdo. Òdo.

Ó ń kọ òdo keje lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò síbi tí kò ti lè dá ìlà òdo yẹn mọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn oníbésíbọ́ọ̀lù, tí ajubọ́ọ̀lù bá ń kó òdo lé òdo lọ báyìí, nǹkan tí èèyàn máa fi ròyìn fọ́mọ-ọmọ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó jókòó sí. Merle wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ilé, tó ń nàka, tó ń pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, tó ń tiro díẹ̀. Òdo tí òun ń pè ní àìsí nǹkan láti ọjọ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun ni.

"Don Merle," Eusebio bẹ̀rẹ̀, "ṣé ẹ rí i pé títí di ìsinsìnyí, kò tíì jẹ́ kí..."

Merle fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. "Má sọ ọ́. Jókòó síbi tó o wà."

"Mo kàn fẹ́ lọ tọ̀ ni."

"Pa á mọ́ra."

"Lọ́dọ̀ tiwa, àdúrà la máa ń gbà."

"Gbà á sínú."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde bí ìṣe wọn. Ọkùnrin kan tí òun àti Merle ti jọ ṣiṣẹ́ táyà rí fọwọ́ kàn án léjìká: "Merle, ṣé ò ń ṣàìsàn ni? Ọ̀nà máa dí o." Merle ní ọkọ̀ òun ti há, kó máa lọ. Ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, ọmọ àlejò kan fi orí gbá bọ́ọ̀lù sí igun ilé, Corinne na ọwọ́ òsì, orí ìka ló fi tì í sóde. Eusebio di apá Merle mú, Merle náà di tirẹ̀ mú. Rẹfirí fun fèrè.

Òdo sí òdo. Lórí àtẹ̀gùn, ẹnì kan ń ráhùn pé wọ́n fi ọ̀sán òun ṣòfò. Mi ò mọ̀ bóyá Amẹ́ríkà máa gba eré yìí láàyè lọ́jọ́ kan. Merle Stropko ti gbà á ní tiẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Corinne tiro wá sí ibi irin tí wọ́n fi pààlà, tòun ti ìbọ̀wọ́. "Ẹ ṣì wà níbí, Dádì."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ọgọ́ta ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn tèmi." Ó na ìwé sí i. Corinne wo àpótí mẹ́sàn-án, òdo mẹ́sàn-án. Ilé oníbésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un.

"Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá?"

"N ò tiẹ̀ mí dáadáa."

"Ẹ bi èmi léèrè," Eusebio sọ bó ṣe ń sáré kọjá lọ. "Kò jẹ́ kí n tọ̀."

Corinne rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ìbọ̀wọ́ bojú, kò sì tètè gbé e kúrò. Merle na ọwọ́ kọjá irin, ó gbé e lé e lórí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ó wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ tó fi ìjókòó yẹn sílẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀, àmọ́ mo dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ló gba ìwé rẹ̀ padà, ó wá pẹ́ńsù rẹ̀ kiri àpò.

"Kí laago wí?"

Corinne yíjú sí aago ńlá tó wà lókè pápá. "Márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Merle fi pẹ́ńsù kan ahọ́n, ó tẹ̀ ba, ó sì kọ ọ́ sínú àlàfo tó wà ní igun ìsàlẹ̀.