Ọkùnrin Tó Yan Ẹ́ńjìnnì Nínú Ààrò

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Mesa tí ẹ dárúkọ Orval Haugen, ìtàn ààrò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀.

Òjò inú oṣù kẹjọ ló fà á. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni òjò náà rọ̀, ó kún ẹ̀yìn ilé Orval, ó sì bo ẹ́ńjìnnì pọ́ńpù tó ń yí omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá lọ ra tuntun. Orval tú ẹ́ńjìnnì náà kúrò lára pọ́ńpù, ó gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó yọ oúnjẹ tí Noreen ìyàwó rẹ̀ ti gbé sínú ààrò, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì sí ipò rẹ̀. Ó fi iná sí ìwọ̀n tó kéré jù lọ kí ẹ́ńjìnnì lè gbẹ, ó fa àga, ó jókòó tì í. Ohun tó gbàgbé ni pé Pásítọ̀ Lindgren ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Pásítọ̀ wọlé, ó fa imú.

"Noreen, kí lẹ̀ ń sè tó ń rùn báyìí?"

"Ẹ bi ọkọ mi. Èmi kọ́ ni mò ń dáná lónìí."

"Ẹ́ńjìnnì ni," ni Orval dáhùn. Kò tilẹ̀ dìde. "Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kó jinná."

Pásítọ̀ wo inú ààrò, ó wo Orval, ó wo àwo ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀ tó ń tutù lórí tábìlì. Ọmọ ìjọ Luther ni gbogbo wọn, ọmọ ìjọ Luther kì í sì í bá onílé jà nínú ilé rẹ̀. Ó dijú, ó gbàdúrà sórí oúnjẹ, ó sì fi ẹ́ńjìnnì kún un. Lọ́jọ́ kejì ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ó sì tún fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ sí i. Pásítọ̀ ní àdúrà ni. Orval ní ààrò ni. Noreen ní òun kò mọ èwo ni nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí òun yan nínú ààrò yẹn ló ń ta sánsán bí ilé mẹkáníìkì títí di Kérésìmesì.

Minnesota ni Orval ti wá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún bọ́ọ̀sì ilé ìwé ṣe níbẹ̀, nínú òtútù tí sípánà fi ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Noreen kó wá sí Mesa láti wá yá oòrùn. Ilé tí wọ́n rà ní adágún lẹ́yìn, pọ́ńpù rẹ̀ sì ti dákẹ́ kí wọ́n tó dé. Wọ́n pe oníṣẹ́ kan. Ó dé, ó fi ẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, eléyìí ti kú," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Orval kúnlẹ̀, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé èèrà ló há sáàárín irin méjì tí iná ń gbà kọjá. Ó gbá wọn dànù. Ẹ́ńjìnnì ké, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti fi àáké kọ́rí pé oníṣẹ́ kankan kò ní tẹ ẹ̀yìn ilé òun mọ́.

"Ẹ́ńjìnnì kì í kú," ló máa ń wí. "Ẹni tó ń tún un ṣe ló máa ń rẹ̀."

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn ni pé Chuy Armenta, tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín òun àti Orval, iṣẹ́ pọ́ńpù adágún gan-an ló ń ṣe jẹun. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ọkọ̀ rẹ̀. Bí Chuy bá ti gbọ́ tí irin ń lu irin, á gbórí yọ lókè ògiri, á pè é ní Don, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ní èdè tirẹ̀.

"Don Orval, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí n fò wá?"

"Kí o fò wá ṣe kí ni? Ta ló pè ọ́?"

"Ìṣó àárín abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi yẹn ni mo rí. Òdì ni tiẹ̀. Apá ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú."

"Mo mọ̀! Ọdún tí mo ti ń tú ìṣó, wọn ò tíì bí ẹ."

Ó yí i sí apá òsì. Ó fi gbogbo ara yí i. Ìṣó náà dá sí méjì, orí rẹ̀ fò wọ inú omi.

"Ó ti fẹ́ kán tẹ́lẹ̀," ni Orval wí, ògiri ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ má rò pé eré lásán ni gbogbo èyí o. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Noreen ní egungun ìbàdí. Dókítà ní kí ó máa rìn nínú omi láràárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ yẹn yóò le gbagidi, kò sì ní gbé e mọ́. Lórí ilẹ̀, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, á gbẹ́sẹ̀ kan, á sinmi. Nínú omi tó mù ún dé àyà, ṣe ló ń yan bí ọmọge. Orval fúnra rẹ̀ kò mọ omi í wẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, n kò rí i kó ki í bọ omi yẹn rí. Á kàn jókòó sétí rẹ̀ pẹ̀lú kọfí, á máa wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Àwa tí a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ ìdí tí kò fi lè jẹ́ kí pọ́ńpù náà sùn.

Ìgbà tó di oṣù keje, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kú lóòótọ́. Ó han, ó rú èéfín, ó dákẹ́. Orval pàápàá ṣí fìlà. Ooru oṣù keje wa ní Mesa kì í ṣe ti àfẹnusọ: omi tí kò bá yí fún ọjọ́ mẹ́ta, ewé ni yóò dà. Ó lọ sí ilé ìtajà lọ́jọ́ náà gan-an, ó ra ẹ́ńjìnnì tuntun, ó pa iná, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí a má parọ́ mọ́ òkú, ó ṣe é dáadáa. Ó pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò, aṣọ mímọ́ ló sì fi dì í mú kí òróró ọwọ́ má bàa bà á jẹ́. Ó yí ìṣó àárín yẹn sí apá ọ̀tún. Ó rọ omi sínú pọ́ńpù kó má bàa ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Ó tan iná. Ẹ́ńjìnnì kùn, ó ń yí jẹ́jẹ́ bí arúgbó tó ń gòkè, omi kò sì gbéra.

"Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbì kan," ni Orval wí. Lọ́jọ́ kejì ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó fi rọ́bà wé gbogbo ọ̀pá omi. Lọ́jọ́ kẹta ó fi fasilíìnì kùn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹrin omi ti dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò sì kọ̀wé sí i pé ó ti di àwọ̀ ewé, kò bá òfin mu. Orval gbé kálàmù, ó fèsì lójú ẹsẹ̀: "Lóṣù tó kọjá ẹ kọ̀wé sí mi pé koríko mi kò ní àwọ̀ ewé tó. Ẹ lọ pinnu ibi tí ẹ ti fẹ́ àwọ̀ ewé ná."

A rẹ́rìn-ín sí lẹ́tà yẹn káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ karùn-ún, Noreen fẹ́ dìde nídìí oúnjẹ àárọ̀, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó tún gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ó kàn fa ife rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé kọfí ló tún wù ú mu. Orval rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, ó mú un dé orí àga tó wà lójú fèrèsé, ó lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́, ó sì gba iwájú òpópónà lọ kan ilẹ̀kùn Chuy. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

"Chuy, o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí?"

"Mi ò lọ o, Don Orval. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Mo ní kí o wá wo bí mo ṣe gbé ẹ́ńjìnnì tuntun kalẹ̀. Ó lè wúlò fún iṣẹ́ rẹ."

Chuy kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ bàtà, ó tẹ̀ lé e. Ojú fèrèsé yẹn ni Noreen wà tó fi rí gbogbo rẹ̀, òun ló sọ fún wa. Chuy lóṣòó, ó wo ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀. Bọ́tìnnì pínníṣín kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń yan ìwọ̀n iná tí yóò lò. Iná tó lágbára ni wọ́n yàn fún un láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, iná kékeré ni waya ilé Orval sì ń gbé wá. Ìdajì oúnjẹ ni ẹ́ńjìnnì ń rí jẹ láti ọjọ́ márùn-ún. Chuy ì bá fi èékánná yí i, kó sì rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó họrí.

"Don Orval, ẹ má bínú. Bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn yìí, kí ni wọ́n ń fi í ṣe ná?"

Orval gbé awò ojú wọ̀, ó tẹ̀ ba. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n wá dé etí. Ó pa iná, ó yí bọ́tìnnì náà, ó tan iná padà. Omi hó nínú ọ̀pá, ó yí wọ inú adágún.

"Mo ti ń retí pé kí o béèrè," ni Orval wí.

"Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti kọ́gbọ́n."

Ọjọ́ méjì àti kẹ́míkà púpọ̀ ni omi fi mọ́, Noreen sì padà sínú rẹ̀. Fún ọdún méjì àti àbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà.

Inú oṣù kejì ọdún yìí ni Orval kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lórí àga, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, èyí tí kò jọ ìwà rẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Pásítọ̀ Lindgren gbìyànjú láti sọ ìtàn ààrò, ẹ̀rín kò jẹ́ kó parí rẹ̀, nígbà tó yá a kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Ó dùn wá púpọ̀. Àdúgbò dákẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Chuy wà nínú ọgbà rẹ̀ láàárọ̀ kan, ó gbọ́ tí irin ń lu irin lódìkejì ògiri. Ó ní àyà òun já. Ó gbórí yọ. Noreen ló jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sípánà lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì tó ti jóná nílẹ̀, tuntun nínú páálí.

"Señora Noreen! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, mo ń bọ̀."

"Dúró síbẹ̀ yẹn."

"Ẹ ò ṣe irú ẹ̀ rí!"

"Mi ò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún ni mo fi wo ọkọ mi níbi tó ti ń ṣe é. Gbogbo àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ yìí pátá ló ti ṣe tán. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún mi."

Chuy gbé àgbọ̀n lé ògiri, ó ń wò. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bọ́tìnnì kékeré yẹn ni Noreen kọ́kọ́ yí. Ó tú ìṣó sí apá ọ̀tún. Ó fi aṣọ mímọ́ di rọ́bà mú. Ó so waya, ó rọ omi sínú pọ́ńpù, ó rìn lọ díẹ̀díẹ̀ síbi iná, ó tan án. Omi dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Chuy, tó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún, ní òun kò tíì rí ẹni tó fọwọ́ kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Noreen dúró, ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹkún. Chuy fo ògiri, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ló pè é.

"Bó bá wà níbí," ni Noreen wí, "á ní òun ti mọ̀ pé màá rí i ṣe."

"Á ní òun lòun kọ́ yín."

"Òun náà ni, Chuy. Òun ló kọ́ mi."

Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé sípánà lé orí páálí. Chuy di apá rẹ̀ mú, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, títí omi fi mù ún dé àyà. Nígbà náà ni Noreen ní kó fi òun sílẹ̀, ó sì ń rìn lọ.