Ìyáálé Mi Lórí Yìnyín

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo ń jowú. Mo ń jowú. Àìná, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ni mo ń jowú, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo fi ọdún mẹ́jọ ju Àìná lọ. Ṣùgbọ́n Mùsílíù ọkọ rẹ̀ ti gbéyàwó kí Tàjùdéèn tèmi tó rántí pé òun náà ti dàgbà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ, òun ni ìyáálé. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Àní ní Peckham, ní London níbí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ní Rye Lane, tó bá ti ń kọjá, mo gbọ́dọ̀ tẹ orúnkún. "Ẹ kú àárọ̀, ìyáálé mi." Àwọn oníbàárà á máa wò mí.

Kò sì burú, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa ló ń kó lọ gun òkè lóṣooṣù, kò sì sí ohun tí mò ń gbọ́ mọ́ ju "Aunty Àìná ní ká ṣe báyìí" lọ. Yusrah, ọmọ tí mo fi inú mi bí, ló ń bá a gbé báàgì. Ẹ gbà mí o!

Ní oṣù kìíní, Wales ni wọ́n fẹ́ lọ. Mo ní èmi náà ń lọ. Àìná ní orí òkè ti di yìnyín, kí kálukú mú rọ́bà onírin ṣóńṣó tí wọ́n ń fà bo bàtà dání. Ó tiẹ̀ ra tèmi wá sílé. Mo dá a padà. Mo ní, "Mo ní tèmi." Irọ́ funfun báláú. Ṣé ó tún fẹ́ máa wọ bàtà fún mi ni?

Lókè lọ́hùn-ún, ọ̀nà náà tóóró, ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, atẹ́gùn ń já ìborùn wa gbà. Yìnyín náà ò tiẹ̀ funfun. Ó mọ́ gaara lórí òkúta, èèyàn á pè é ní omi lásán. Àìná ní ká dúró wọ irin. Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí àyè: lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi ni màá ṣíwájú. Mo kọjá lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré. Mo jókòó gbì! Mo ń yọ̀ lọ sí etí ọ̀gbun. "Yéè, mo gbé!" Òkúta kan ló dá mi dúró. Àìná rọra wá, ó di okùn báàgì mi mú, ó fà mí padà sáàárín ọ̀nà.

"Irin yín dà?" Ọjọ́ orí mi ni kì í jẹ́ kó pè mí ní "ìwọ".

Yusrah ti ń bọ́ tirẹ̀. Èyí tí mo dá padà ni, òun ni Àìná fún un.

Àìná ní, "Rárá, Yusrah. Má bọ́ ọ."

Ó bọ́ tirẹ̀. Níwájú gbogbo wọn, lórí yìnyín, ìyáálé mi kúnlẹ̀ fún mi. Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó ń fa irin náà bo bàtà mi.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń gbàdúà pé kí Àìná kúnlẹ̀ fún mi, kí ayé rí i. Wọ́n rí i. Ojú tì mí, n kò mọ ibi tí màá wò.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Tiyín ńkọ́?"

"Màá fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀," ni Àìná wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì wá."